Ta Ló Tẹ Oko Àwọn Àna Mi Dó?

Mo wà ní basement mi ní Falconridge, mo ń ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, nígbà tí àbúrò mi obìnrin pè mí láti oko wọn.

"Àǹtí mi, wọ́n fẹ́ pa á o."

"Ta ni wọ́n fẹ́ pa?"

"Àgbò mi. Àlàájì ní tí a bá ṣí ilé wáìnì ní Sátidé, òun ni ká fi se ata fún àlejò."

Mo jókòó sórí aṣọ tí mo ti ká. Ó pẹ́ tí mo fi ṣiṣẹ́ ìròyìn ní Ìbàdàn kí n tó wá sí Calgary, oríṣiríṣi ẹkún ni mo sì ti gbọ́ lórí fóònù. Ti àgbò ni mi ò tíì gbọ́ rí.

"Kí lo wá wí fún un?"

"Kí ni mo fẹ́ wí? Ìyàwó ilé ni mí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Mo ní, 'Ẹ ṣé, sà.'"

"O dúpẹ́?"

"Ẹnu mi ló yára, Àǹtí mi. Ẹ gbọ́ ná. Ó ní kí n pè yín kí ẹ wá kọ ìtàn oko sí pátákó tí a fẹ́ gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ní kò sí ilé wáìnì tí kò ní ìtàn lára ògiri. Tí ẹ bá ti dé, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí. Àna ni yín, kò lè jágbe mọ́ yín."

Bí mo ṣe gba iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn: kí n kọ ìtàn, kí n sì gba ẹ̀mí àgbò là.

Oko náà wà lẹ́yìn Airdrie, tí ènìyàn bá yà kúrò lórí Highway 2, tó sì gba ọ̀nà eléruku títí tí kò fi ní rí ilé mọ́. Ọmọ ìyá méjì ló ni ín. Àlàájì ni ẹ̀gbọ́n, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló ń sin àgùntàn àti màlúù díẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni ọkọ àbúrò mi, ẹnjiníà ni nílé iṣẹ́ epo, ó ti tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ ti pẹ́. Òun ló ń ṣe wáìnì. Àjàrà ò fẹ́ràn òtútù ibẹ̀, nítorí náà èso kékeré kan tó dúdú bí aró, tí wọ́n ń pè ní saskatoon, ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, pẹ̀lú oyin.

Wáyà kan ló pín oko náà sí méjì. Ẹran wà lápá kan, ọtí wà lápá kejì. Àlàájì kì í fọwọ́ kan ìgò. Tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wáìnì, á gbé ojú sí ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ wáìnì náà tà bíi tirẹ̀. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ nígbà tó ń bá tọkọtaya òyìnbó kan tó wá ra ẹran sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi ò tọ́ ọ wò rí láyé mi, mi ò sì ní tọ́ ọ wò títí tí màá fi kú, ṣùgbọ́n mo fi dá yín lójú pé ó dùn." Páálí kan ni wọ́n gbé lọ.

Àgbò tí à ń sọ yìí ti darúgbó. Ìwo kan ṣoṣo ló kù lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò tíì gbà pé òun ti fẹ̀yìn tì. Grandpa ni àwọn ọmọ ilé ń pè é. Inú Àlàájì kì í dùn sí i. "Ta ni Grandpa? Èmi ni Grandpa nínú ilé yìí!" Àwọn ọmọ á ní, "Yes, Grandpa," àgbò á sì gbé orí sókè.

Mo bi àbúrò mi léèrè ohun tó fi fẹ́ràn ẹran náà tó bẹ́ẹ̀. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun ọrùn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Àǹtí mi, ọdún tí a kọ́kọ́ kó dé oko yìí, mi ò tíì mọ mọ́tò wà. Dádì àwọn ọmọ á lọ síbi iṣẹ́, Àlàájì á lọ wa bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ á lọ sí school. Ó wá ku èmi àti snow. Àgbò yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí mo bí, Òyìnbó ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Òun ò fi Òyìnbó dá mi lóhùn rí."

Àgbò náà ní, "Mẹ̀ẹ̀."

"Ẹ ò gbọ́?"

Mo gbọ́. Mo mú fóònù mi, mo lọ bá Àlàájì.

Abẹ́ òjìji ilé ẹran ló jókòó sí, lórí àga igi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé àfi òun. Mo gbé fóònù sí àárín wa kó lè máa gba ohùn sílẹ̀. Ó tún filà rẹ̀ gún bí ẹni pé fóònù náà ní ojú.

"Ẹ kọ ọ́ báyìí, àna wa. Mo tẹ́ ẹní mi sórí ilẹ̀, mo kí ìrun Àsárì. Nígbà tí mo kí i tán, tí mo gbé ojú sókè, mo rí ilẹ̀ yìí. Mo ní, 'Ibí ni.' Ó parí."

"Ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín?"

"Ọlọ́run."

"Ta tún ni?"

"Ọlọ́run ò tó yín ni?"

"Ó tó mi, Àlàájì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ pé ìròyìn tí kò bá ti ní ẹlẹ́rìí méjì, òfófó ni. Ibo lẹ sì ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, tí ẹ fi wá kírun létí highway?"

"Ìrìnàjò ni."

"Láti ibo sí ibo?"

"Àna wa, ìtàn oko ni mo ní kí ẹ kọ. N ò pe ọlọ́pàá."

Àbúrò mi pè wá wọlé láti wá jẹun. Ìrẹsì ló sè, pẹ̀lú ìgbín tí mo rà wá láti ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Falconridge. Ó kọ́kọ́ gbé àwo tirẹ̀ síwájú Àlàájì, bí àṣà ilé náà, nítorí òun ni àgbà, òun náà ló sì sọ pé òun lòun kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀ náà. Ẹran màlúù ló wà nínú tirẹ̀. Àlàájì wo ìgbín tó wà nínú àwo tèmi, ó mí kanlẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìtàn ti dé. Kò sí ìgbà tí ó rí ìgbín tí kì í sọ ọ́.

"Ẹ mọ̀ pé ní ìlú tiwa, a kì í jẹ ẹ́."

"A mọ̀, sà," ni àwọn tó kù fi ohùn kan dáhùn.

Ó sọ ọ́ síbẹ̀. Ọdẹ tó jẹ́ baba ńlá wọn sọnù sínú igbó, òùngbẹ fẹ́ pa á. Ó rí ìgbín kan. Ó ní ìgbín ò lè jìnnà sómi. Ó tọ ìgbín náà lẹ́yìn, títí ó fi dé etí odò. Ibẹ̀ ló kọ́lé sí, ibẹ̀ ni ìlú wọn wà títí dòní.

Ẹnjiníà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni ìgbín ṣe ń sáré tó?"

"Ọdẹ náà ní sùúrù."

"Mo rò pé òùngbẹ fẹ́ pa á ni?"

"Ìwọ máa jẹun." Àlàájì yíjú sí mi. "Ohun tó bá mú baba ẹni dé ilé, a kì í fi eyín kàn án. Mo ti dé Mẹ́kà, mo ti ju òkò lu èṣù, ṣùgbọ́n ọmọ ìlú mi náà ni mí níbikíbi. Ìgbín ò ní wọ ẹnu mi."

Mo jẹ ìgbín tèmi.

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo tọ ẹnjiníà lọ sínú ilé wáìnì, níbi tó ti ń gbọ́ ìró àwọn tánkì rẹ̀ bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Mo bi í bí oko náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

"Data ni, Àǹtí. Mo wo ilẹ̀, mo wo omi, mo wo bó ṣe jìnnà sí Calgary sí. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà."

"Ó dáa. Ta ló wá sọ fún kọ̀ǹpútà pé ilẹ̀ kan wà níbí?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "A ń lé nǹkan kan ni."

"Kí ni ẹ ń lé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ní a ò gbọdọ̀ sọ ọ́."

"Ṣé ọmọdé ni yín ni?"

"Lójú Àlàájì? Ọmọdé ni mí, mà." Ó bu wáìnì sínú ife fún mi kí n lè gbàgbé ìbéèrè. Wáìnì náà dùn. Mi ò gbàgbé.

Mo padà sọ́dọ̀ àbúrò mi, mo ní kó sọ gbogbo rẹ̀ tàbí kó máa wá ata tí wọn máa fi se àgbò rẹ̀. Ó sọ ọ́.

Ìgbà Iléyá ni. Snow àkọ́kọ́ ọdún náà ti já bọ́. Òun, ọkọ rẹ̀ àti Àlàájì lọ ra àgbò lọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan ní ìhà àríwá, nínú minivan, nítorí pé òun nìkan ni ọkọ̀ tí wọ́n ní. Àlàájì ní òtútù ò gbọdọ̀ mú ẹran náà, pé ẹran tí òtútù bá pa kì í ṣe ẹran Iléyá. Ni wọ́n bá gbé e jókòó sórí àga àárín, wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ ọn, wọ́n tan hítà, wọ́n sì wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ẹnjiníà fún un, èyí tó ní ìlà tó ń kọ mọ̀nà.

"Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì fún àgbò?"

"Síìpù ló yọ wá lẹ́nu. Ọwọ́ jákẹ́ẹ̀tì ò yọ wá lẹ́nu."

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, àkókò Àsárì ti fẹ́ kọjá. Àlàájì ní kí wọ́n yà sọ́nà ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó mú ẹní rẹ̀, ó ní òun ò ní pẹ́, kò sì pa ilẹ̀kùn dé. Ó ń kírun lọ́wọ́ nígbà tí àgbò bọ́ọ́lẹ̀, tó sì gba iwájú rẹ̀ kọjá.

"Kò lè sọ̀rọ̀, Àǹtí mi, ó wà lórí ìrun. Ohun tó lè ṣe ò ju kó gbé ohùn sókè. Ó ní 'Allahu Akbar!' Ó tún ní 'ALLAHU AKBAR!' Èmi àti Dádì wà níwájú ọkọ̀, a ti gbé gíláàsì sókè, rédíò ń sọ̀rọ̀. Mo ní, 'Dádì, ẹ gbọ́ Àlàájì, ìrun tòní mà wọ̀ wọ́n lára o.' Dádì ní kí n ṣe àmín."

"O ṣe àmín?"

"Mo ṣe é! Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, àga ti ṣófo. Bẹ́líìtì ṣì wà ní dídè."

Wọ́n lé e. Ó sáré gba inú snow, ó forí gbá wáyà oko kan, ìwo rẹ̀ kan dá. Nígbà tí wọ́n bá a, àárín igi saskatoon ló wà, ó ń jẹ èso tó ti gbẹ sórí ẹ̀ka. Ẹnjiníà náà já èso kan, ó jẹ ẹ́, ó tún já òmíràn. Àlàájì kírun rẹ̀ parí, kò fo nǹkan kan, ó wá sáré bọ̀. Kò rí gọ́tà tó wà lábẹ́ snow. Ó wọ inú rẹ̀ dé ìbàdí. Bàbá òyìnbó tó ni ilẹ̀ náà ló wá fà á jáde.

"Kí ló fi fà á?"

Àbúrò mi bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Okùn àgbò."

Ohun tí a ò gbọdọ̀ sọ nìyẹn. Bàbá òyìnbó fún wọn ní tíì, ó ní òun ti dàgbà, òun fẹ́ ta ilẹ̀ náà. Ẹran tí ìwo rẹ̀ dá ò ṣeé fi ṣe Iléyá, wọ́n ra òmíràn, àgbò di ti àbúrò mi.

"Kí ló dé tí o ò fi rán Àlàájì létí?"

"Kí n wá ní kí ni? Kí n ní, 'Ẹ má pa á, sà, ẹ rántí pé okùn rẹ̀ ni wọ́n fi fà yín'?"

Ó ku ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ará ilé. Bàbá òyìnbó náà ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Airdrie. Mo ra kọfí fún un, mo bi í nípa ọjọ́ náà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ife kalẹ̀. Bí mo ṣe lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí:

"Láti ojú fèrèsé mi, mo rí òṣìṣẹ́ epo kan tó ń rìn lórí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Mo ní àwọn ọmọkùnrin yìí mà ti mutí yó lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rí i pé ó ní ìwo. Obìnrin, mo ti fi ilẹ̀ yẹn han ènìyàn púpọ̀. Inú ọkọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí wò ó. Àgbò yẹn nìkan ló rìn ín yíká, tó tọ́ èso rẹ̀ wò, tó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ènìyàn dé lẹ́yìn náà. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ gba inú gọ́tà dé."

Ẹlẹ́rìí mi ti pé. Mo kọ ìtàn náà ní kúkúrú, bí a ṣe ń kọ ìròyìn: ẹni tó ṣe é, ohun tó ṣe, ibi tó ti ṣe é. Mo mú un lọ síwájú gbogbo ilé lọ́jọ́ Fúráìdè, nídìí oúnjẹ. Àbúrò mi dúró sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó di aṣọ ìnuwọ́ mú bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Àlàájì ti ní kí wọ́n pọ́n ọ̀bẹ. Mo rí i lórí tábìlì.

Mo ka àkọlé. Mo ka Iléyá, minivan, bẹ́líìtì. Nígbà tí mo dé ibi jákẹ́ẹ̀tì, Àlàájì dìde.

"Ta ló sọ ọ́?"

"Oníròyìn kì í dárúkọ ẹlẹ́rìí rẹ̀, Àlàájì."

"Ìwọ ni!" Ó nawọ́ sí àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Bíbélì búra, data nìkan ni mo sọ!"

"Ẹ jókòó, sà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ tán," ni mo wí. Ó jókòó nítorí pé àna ni mí. Mi ò ka gọ́tà. Mi ò ka okùn. Gọ́tà ò sí nínú ìtàn bí ilẹ̀ ṣe di tiwọn, mo sì ti fi wọ́n pamọ́ sápò bó bá le jù. Mo ka gbólóhùn tó kẹ́yìn: "Báyìí ni àgbò kan ṣe ṣáájú, tí àwọn baba wa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, títí wọ́n fi dé ibi èso àti omi. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí."

Ẹnjiníà ló kọ́kọ́ la ẹnu, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣírò.

"Ó mà dà bí ìgbín."

Àlàájì wò ó. Ó wò mí. Ó wo ọ̀bẹ.

"Ìgbín ò wọ jákẹ́ẹ̀tì," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo dáhùn. "Ìgbín ti ní ilé tirẹ̀ lẹ́yìn."

"Ìyẹn wà ní ìlú wa. Kánádà nìyí."

Ọmọbìnrin àbúrò mi tó ń tẹ fóònù ní igun ò gbé ojú sókè. "Grandpa, you said that rule is for anywhere. You said even in Mecca."

Àlàájì dìde, ó jáde. Láti ojú fèrèsé, a rí i tó lọ sídìí wáyà, tó dúró síwájú àgbò. Àwọn àgbà méjèèjì wo ara wọn pẹ́. Ó ń fọwọ́ ṣàlàyé nǹkan fún un. Àgbò ń jẹ koríko. Nígbà tí Àlàájì wọlé padà, ó mú ọ̀bẹ kúrò lórí tábìlì, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀.

"Atúnṣe kan wà," ló wí fún mi. "Ẹ kọ ọ́ pé mo ń kírun lọ́wọ́. Ọlọ́run ló rán àgbò náà gba iwájú mi kọjá. Ṣé mi ò sọ fún yín pé nígbà tí mo gbé ojú sókè, mo rí ilẹ̀?"

Mo tún ohùn rẹ̀ gbọ́ nínú fóònù. Lóòótọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò parọ́ kankan, ó kàn yọ àgbò kúrò nínú rẹ̀ ni. Mo fi ìrun rẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́.

"Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà," ló wí.

Ní Sátidé, adìyẹ ni a fi se ata. Ṣọ́ọ̀ṣì wá, mọ́sálásí wá, àwọn òyìnbó wá láti Redstone ní Calgary àti láti Airdrie. Àwọn kan mu wáìnì, àwọn kan ra oyin. Ẹ̀bá pátákó ni Àlàájì dúró sí láti òwúrọ̀, ó ń sọ ìtàn náà fún ẹnikẹ́ni tó bá yọjú. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, jákẹ́ẹ̀tì ti di kóòtù, àgbò ti wa ọkọ̀ díẹ̀. Ó tún fi gọ́tà kún un fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá òyìnbó ló já sí i, Àlàájì ló sì fà á jáde. Bàbá òyìnbó wà níbẹ̀, ó jókòó, ó ń mu wáìnì, kò gbọ́ Yorùbá, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó tó àkókò oúnjẹ ilé, Àlàájì lọ jókòó sórí àga igi rẹ̀, ó na ọwọ́, nítorí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún. Àbúrò mi gbé àwo àkọ́kọ́ jáde. Èso saskatoon tútù ló kún inú rẹ̀. Ó gbé e kọjá níwájú Àlàájì, ó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan fún un bó ṣe ń kọjá, ó sì lọ gbé e síwájú àgbò.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni."

Gbogbo wa ń wo ẹnu Àlàájì. Ó tẹjú mọ́ àwo náà. Ó tẹjú mọ́ àgbò, tó ti jẹ ìdajì rẹ̀, tó wá ń fi ìwo kan ṣoṣo tó kù họra mọ́ ẹsẹ̀ àga Àlàájì.

"Ó dáa. Kó jẹun," ni Àlàájì wí. "Ṣùgbọ́n kò ní jókòó sórí àga mi."